Àsáró Kọ́, Àṣàrò Ni

Ìtùnú Àjíkẹ́, ọmọ mi,

Abọ́ mi ti dé. Kúnlé àbúrò rẹ gbé e wá lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Sunday, ó gbé e lé orí tábìlì bí ẹni gbé ẹyin. Mo ṣí i, mo gbóòórùn ọṣẹ. O ti fọ̀ ọ́ mọ́, o tún nù ún, o tún wá ìdérí rẹ̀ tó máa ń sọnù, o fi dé e. Mo ní, "Háà, inú ọmọ yìí ò tíì bàjẹ́ tán sí mi. Ẹni tó kórìíra èèyàn kì í fọ abọ́ rẹ̀, ṣe ló máa ń jù ú nù." Kúnlé ní, "Mọ́mì, abọ́ lásán ni now." Mo ní kó gbẹ́nu ẹ̀ dákẹ́, kí ló mọ̀ nípa abọ́.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá sọ èyí tó gbé mi jókòó. Ó ní o ti fi nǹkan náà sílẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí mo ti wá pariwo nínú apartment tuntun rẹ ní Westchase, o ò jókòó mọ́. Ó ní lọ́jọ́ Tuesday tó kọjá, bó o ṣe ń lọ síbi iṣẹ́ tuntun yẹn, àyà rẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í já, o tún páàkì sí ẹ̀gbẹ́ freeway, àwọn mọ́tò ńláńlá ń fẹ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọjá, o ò lè mí dáadáa. Ìtùnú! Ohun tó ń wò ọ́ sàn ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ. Èmi ìyá rẹ.

Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méje rèé tí o ò gbé fóònù mi, mi ò sì dá ọ lẹ́bi fún ìyẹn. Àwọn nǹkan mìíràn wà tí màá dá ọ lẹ́bi fún, fara balẹ̀, a máa débẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni mò ń bẹ̀ ọ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn yìí: padà lọ jókòó.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro ẹjọ́ ara mi.

Ìwọ lo kọ ọ́ sí mi lórí fóònù. Mi ò tíì pa á rẹ́, ó wà níwájú mi báyìí: "Mommy mo ti n se asaro every morning now. O n help mi gan." Kò sí àmì kankan, kò sí tòkè, kò sí tìsàlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí sílẹ̀ òyìnbó níbí, ẹ máa ń kọ Yorùbá bí ẹni tó gbàgbé aṣọ sílé tó jáde. S-e, a-s-a-r-o. Kí ni kí n kà? Mo kà pé ọmọ mi ti ń se àsáró láràárọ̀! Ọmọ tó ń fi pílà bó iṣu bí ẹni bó kárọ́ọ̀tì! Inú mi dùn dé ọrùn. Mo sọ fún gbogbo ẹni tó bá jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé iṣẹ́ ọ́fíìsì ò pa ọmọ tèmi lọ́wọ́ dà, iṣu ló ń sè kó tó jáde nílé.

Mi ò mọ̀ pé ṣe lo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn, o ní, "Uncle, kí ni Yorùbá ń pe meditation, kí Mọ́mì má bàa bẹ̀rù?" Wọ́n ní àṣàrò ni. Ọ̀rọ̀ tí à ń pè ní ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré mi ni. O wá ọ̀rọ̀ tèmi láti fi bá mi sọ̀rọ̀, ọmọ mi. Ẹ̀yìn tí mo ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ tán ni wọ́n tó sọ fún mi.

Sátidé tí mo wá pariwo yẹn, mo se àsáró tèmi náà, mo fi ẹja gbígbẹ sí i, mo bù ú sínú abọ́ yìí, mo ní ká jọ fi tìrẹ wé tèmi. Èmi àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa méjì, Màmá Ṣadé àti Sister Ìyábọ̀, ń lọ kí abiyamọ kan ní Cinco Ranch, mo ní ká yà. Mo ní kọ́kọ́rọ́, mi ò kanlẹ̀kùn. Kí ni mo rí? O jókòó sílẹ̀ lórí ìrọ̀rí, o ká ẹsẹ̀, o dijú, ẹ̀yìn rẹ nà gbọnrangandan, fóònù sì dún gbíìn bí agogo. Màmá Ṣadé lọgun lẹ́yìn mi: "Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Màmá Ìtùnú, ọmọ yín ń bọ nǹkan!"

Ìtùnú, mi ò ronú. Mo gbé ọwọ́ lé ọ lórí, mo ń pariwo, "Jáde! Jáde!" O fò dìde, o ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀! Asaro ni! Mo ti sọ fún yín, asaro!" Èmi náà ní, "Asaro wo? Iṣu dà?" Mo tún sáré lọ fọwọ́ kan sítóòfù láti mọ̀ bóyá ó gbóná. Bí mo bá rántí ibẹ̀ yẹn, mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n sunkún. O ò pariwo. O kàn na ọwọ́ sí mi, o ní, "Mọ́mì, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé mi." Ọwọ́ náà ń gbọ̀n. Mo rí i pé ó ń gbọ̀n, mo ṣì ń bínú.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti ń pe orúkọ rẹ lórí prayer line tí ṣọ́ọ̀ṣì fi ń gbàdúrà pọ̀ lórí fóònù. Ẹni tó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹni tí kò wá ló gbọ́. Ẹyin lohùn, èmi ni mo jù ú lulẹ̀.

A máa ń sọ pé ohun tí àgbà fi jókòó rí, bí ọmọdé dìde dúró, kò lè rí i. Wò ó, ọ̀rọ̀ yìí ti dojú dé mi lọ́wọ́. Ọmọ ló jókòó. Àgbà ló dúró gbọin, tí kò rí nǹkan kan.

Ìgbà àkọ́kọ́ kọ́ rèé tí màá ṣe é. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Bàbá mi, bàbá àgbà rẹ tí o ò bá láyé, àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n ní Ìkirè. Láràárọ̀, kí wọ́n tó fọ ẹnu, wọ́n á jókòó lórí kùkùté igi kan níwájú ilé. Wọn ò ní sọ̀rọ̀. Bó o kí wọn, wọn ò ní dáhùn. Ojú wọn á là sílẹ̀, wọ́n á kàn wà níbẹ̀. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìgbàlà, ẹnu mi mú ju abẹ lọ. Lójú àwọn ará ilé, mo dúró lé wọn lórí, mo ní, "Bàbá, ẹ̀mí odi ló ń dè yín lẹ́nu láràárọ̀!" Wọn ò wò mí. Wọ́n jókòó tán, wọ́n fọ ẹnu, wọ́n tu omi dànù, wọ́n wá ní, "Àdùkẹ́, mò ń kí Ọlọ́run ni. Ó ń dá mi lóhùn lọ́wọ́. Ìwọ lo já lu ọ̀rọ̀ àgbà méjì."

Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Mo wá gbé irú ẹ̀ fò òkun, mo gbé e wá bá ìwọ náà ní Westchase.

Báwo ni ojú mi ṣe wá là? Níbi iṣẹ́ mi ni. O mọ̀ pé ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń wakọ̀ lọ sí La Porte, ṣùgbọ́n o ò bi mí rí pé kí ni mò ń ṣe níbẹ̀. Ẹ̀sùn rẹ àkọ́kọ́ nìyẹn, jọ̀ọ́ gbà á. Hole watch ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá fẹ́ tún táǹkì ńlá ilé iṣẹ́ wa kan ṣe, ihò kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wẹ́dà, ẹni tó ń jó irin, á gbà wọnú. Èmi ni mò ń jókòó sẹ́nu ihò. Ẹni tó bá wọlé, mo kọ orúkọ rẹ̀ sórí pátákó. Bó bá jáde, mo fa ìlà lé e. Mi ò gbọdọ̀ tẹ fóònù, mi ò gbọdọ̀ tòògbé, mi ò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni tàkúrọ̀sọ. Mò ń ṣọ́ ni. Kò sẹ́ni tó rán mi nílé ìwé fún un. Mo fi ojú àti etí jí i kọ́, mo ṣe ìdánwò wọn, mo yege.

Ọ̀sẹ̀ kejì tó o gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n pa gbogbo ẹ̀rọ ibẹ̀ kí wọ́n lè tún un ṣe. Ramón ló wà nínú táǹkì lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọkùnrin Mẹ́síkò tá a ti jọ ń ṣiṣẹ́ tipẹ́. Ó dá iná ọwọ́ rẹ̀ dúró kó sinmi díẹ̀. Ìtùnú, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlá, ibẹ̀ dákẹ́. Ariwo tí mo ti rò pé ara afẹ́fẹ́ La Porte ni, ó lọ. Mo wá ń gbọ́ nǹkan kan láti inú ihò: huuu... huuu... Èémí Ramón ni. Irin táǹkì gbà á, ó sọ ọ́ di ńlá, àfi bí ẹni pé táǹkì fúnra rẹ̀ ló ń mí. Ara mi dá wáí. Mo wá tún gbọ́ òmíràn nítòsí. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Kò sẹ́nì kankan.

Tèmi ni.

Ọmọ mi, mo ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, mi ò gbọ́ ọ rí! Ó ń wọlé, ó ń jáde. Mi ò rán an níṣẹ́. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti Ìkirè. Ó bá mi wọ bàálù. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bí ọ. Mo sùn, kò sùn. Mo ń pariwo lé ọ lórí, òun ló tún ń gbé ariwo yẹn fún mi, kò sì bá mi jà. Mo bi ara mi pé, ta ló ń mí mi? Ta ni? Orí mi wú, omi ń bọ́ lójú mi sórí pátákó. Àwọn baba wa mọ nǹkan, wọn ò jẹ́ kí èémí jìnnà sí ẹ̀mí lẹ́nu wa. Gbogbo ìgbà tí mò ń pariwo kí Ọlọ́run lè gbọ́ mi, Ó ti wà ní imú mi.

Ramón yọrí síta, ó wò mí, ó ní, "Mama, ṣé kò sí? Ẹ̀ ń sunkún?"

Mo ní eruku ni. Ó ní, "Eruku wo? Inú níbí ni eruku wà." Ó rẹ́rìn-ín, ó padà wọlé.

Láti ọjọ́ yẹn ni èmi náà ti ń jókòó. O gbọ́ mi dáadáa. Ìyá rẹ ń ṣe àṣàrò. Nítorí náà, jẹ́ kí n sọ ìwọ̀nba tí mo ti rí fún ọ, kó o fi padà bẹ̀rẹ̀.

Èkínní, Àjíkẹ́ mi, jókòó kékeré, kó o sì jókòó síbì kan náà. Ìṣẹ́jú márùn-ún. O ti kọ́kọ́ sọ fún Kúnlé pé wákàtí kan lo fẹ́ máa ṣe. Ta lò ń bá díje? Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Àga sì ni kó o lò bí orúnkún bá ń ro ọ́. Ta ló ní dandan ni kó o lọ́ ẹsẹ̀ pọ̀ bí okùn? Kùkùté igi ni Bàbá lò. Àga ìdáná tó yẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan ni tèmi. Kó o ṣe é kó o tó wo ohun tí ẹnikẹ́ni kọ ránṣẹ́ sí ọ. Bàbá ní ẹni tó bá ti sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ti ná ọjọ́ rẹ̀.

Èkejì, gbé fóònù yẹn sí yàrá mìíràn. Àwọn tó ṣe nǹkan tó ń dún gbíìn yẹn, mo fẹ̀sùn kàn wọ́n níwájú Ọlọ́run. Àwọn fóònù yìí gba ìdákẹ́jẹ́ lọ́wọ́ yín tán, wọ́n wá ń bù ú fún yín padà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Aago orí sítóòfù ti tó. Òun kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù, òun ni mo tìtorí ẹ̀ kọ lẹ́tà. Jókòó sẹ́nu ihò. Imú rẹ ni ẹnu ihò. Èémí wọlé, o rí i. Èémí jáde, o rí i. Èrò á máa wá, má lé wọn. Kọ orúkọ wọn sórí pátákó: Ìbẹ̀rù wọlé. Ó ṣe díẹ̀: Ìbẹ̀rù jáde. Ọ̀rọ̀ máníjà mi wọlé. Ọ̀rọ̀ Mọ́mì wọlé. Èyí á pẹ́ nínú, mo mọ̀. Fi í sílẹ̀. Ẹni tó ń mí ṣì ń mí. Bó o bá gbàgbé, tó o ti tẹ̀ lé èrò kan dé Dallas, má bínú sí ara rẹ, kàn padà sí ìdí pátákó. Pípadà yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé kéèyàn má rìn lọ ni iṣẹ́. Irọ́ ni.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà ní La Porte tó ju gbogbo òfin lọ: ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ihò kò gbọdọ̀ wọlé. Bó ti wù kó rí! Bí wẹ́dà bá dákú nínú ibẹ̀, kó o pè fún ìrànlọ́wọ́, kó o dúró síbi tó o wà. Ẹni tó bá fi ìfẹ́ àti ìbẹ̀rù kó wọnú ihò láti lọ yọ ẹlòmíràn, òun ló máa ń di òkú kejì. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ka òfin yìí sókè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mo wá mú kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ Sátidé, mo kó wọnú ihò ọmọ mi pẹ̀lú obìnrin méjì lẹ́yìn! Ṣé o wá rí i? Nítorí náà, bí ìbẹ̀rù rẹ bá dé, má kó wọnú rẹ̀ láti lọ bá a jà. Jókòó sẹ́nu ihò. Pe orúkọ rẹ̀.

Bó bá sì jẹ́ pé àyà ló ń já kíkankíkan, padà lọ rí dókítà tó kọ́kọ́ ní kó o máa jókòó. Àṣàrò ò ní kí dókítà má ṣiṣẹ́.

Mi ò mọ iye tí mo ti kà mọ́. Èyí tó kàn ni pé á sú ọ. Ó sú mi lọ́sẹ̀ kẹta, mo ní kí ni mò ń wò ní imú. Mo rántí pé ẹni tó gbin kòkó kì í hú u wò láràárọ̀ bóyá ó ti ta gbòǹgbò. Mo jókòó sínú sísú náà, mo kọ ọ́ sórí pátákó. Ó jáde. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló wá wọlé: ọwọ́ rẹ, bó ṣe nà sí mi, bó ṣe ń gbọ̀n. Mo sunkún títí aago sítóòfù fi dún. Bí irú ẹ̀ bá wá bá ọ, má sá. Ibi tó ti ń jinlẹ̀ nìyẹn.

Má sì máa ròyìn ẹ̀. Mo sọ fún Màmá Ṣadé pé mo rí ìmọ́lẹ̀ kan, ó ní kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá dijú, ìmọ́lẹ̀ ni mò ń wá kiri bí ẹni wá ìgò ojú, mi ò gbọ́ èémí mi mọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ohun tó bá dé, kó dé. Ohun tó bá lọ, kó lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé o ti fi àdúrà sílẹ̀, rán an sí mi. Bí a bá ń gbàdúrà, tiwa là ń sọ. Bí a bá ń ṣe àṣàrò, a pa ẹnu mọ́ kí Ọlọ́run náà ráyè sọ tirẹ̀. Mo ti sọ ọ́ fún wọn lórí prayer line lọ́jọ́ Friday. Mo ní, "Ẹ̀yin ará, ọmọ mi ò bọ nǹkan kan. Èmi ni mo parọ́ mọ́ ọn, ẹ̀yin lẹ sì bá mi gbé irọ́ náà rìn." Màmá Ṣadé ní, "Màmá Ìtùnú, ẹ rọra." Mo ní, "Rọra kẹ̀? Nígbà tí ẹ̀ ń lọgun nínú ilé ọmọ ọlọ́mọ, ṣé ẹ rọra?" Gbogbo wọn dákẹ́ lọ bí omi inú àmù. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fún wọn pé ẹ̀n-ẹ́n, bó ṣe ń rí nìyẹn, ẹ máa bá a lọ.

Ìyókù ẹjọ́ tìrẹ rèé, kí n tó dákẹ́. Nígbà àkọ́kọ́ tí àyà rẹ já lójú freeway, o sọ fún mi. Mo ní, "Gbàdúrà," mo sì ń bá ọbẹ̀ mi lọ. O ní "okay," o pa á mọ́ra. Ó yẹ kó o sọ pé, "Mọ́mì, ẹ ò gbọ́ mi." Sọ ọ́ nígbà mìíràn, mi ò ní jẹ ọ́. Ẹ̀kẹta, o gba ariwo ìyá rẹ láàyè kó pa ohun tó ń wò ọ́ sàn. Bàbá mi, nígbà tí mo pariwo lé wọn lórí, wọ́n tún jókòó sórí kùkùté lọ́jọ́ kejì. Ọmọ ọmọ wọn ni ọ́.

Mi ò bẹ̀ ọ́ fún kọ́kọ́rọ́. Jẹ́ kó wà lọ́wọ́ rẹ. Mi ò ní wá sí Westchase àfi bó o bá pè mí, màá sì kanlẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Sátidé, aago mẹ́jọ àárọ̀, màá wà lórí àga mi tó yẹ̀ lẹ́sẹ̀ yìí. Bó bá wù ọ́, kí ìwọ náà jókòó nínú ilé tìrẹ ní aago mẹ́jọ. Má pè mí, má kọ nǹkan kan ránṣẹ́. Kí o kàn mọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́nu ihò. Ní ibi iṣẹ́ wa, bí aago ìparí iṣẹ́ bá tiẹ̀ ti lu, ẹni tó ń ṣọ́nà kì í lọ sílé bí orúkọ ẹnikẹ́ni bá ṣì wà lórí pátákó. Orúkọ rẹ ṣì wà lórí tèmi, Ìtùnú. Ibí yìí ni mo wà.

Kúnlé ń gbé abọ́ náà padà bọ̀ wá bá ọ. Lẹ́tà yìí wà lórí ìdérí, àsáró gidi ló wà nísàlẹ̀, mo fi ẹja gbígbẹ tó o fẹ́ràn sí i. Jẹ ẹ́ kó tó tutù. Kó o sì fi ojú rẹ wo àmì tí màá fi sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan yìí dáadáa, kó má tún sí àṣìṣe láàárín wa mọ́ láé: èmi á máa se tèmi, ìwọ máa ṣe tìrẹ.

Ìyá rẹ,
Àdùkẹ́